Google Forms àti Google Sheets fún ìwé orúkọ ẹgbẹ́: ó tó lò, bí fáìlì bá jẹ́ méjì

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya fọ́tò ní Àbújá nílò ìwé orúkọ gan-an. Ẹni tó fẹ́ yá lẹ́ǹsì, ẹni tó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ wọ mọ́tò láti Kubwa lọ sí Jabi Lake, ibẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àmọ́ ìwé tó kó orúkọ, nọ́ńbà, àdírẹ́sì ilé àti irú kámẹ́rà tó wà nínú ilé náà pọ̀ sójú kan ti bá olè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ìdajì. Forms (fọ́ọ̀mù ìbéèrè orí íńtánẹ́ẹ̀tì) àti Sheets (tábìlì tí ìdáhùn rẹ̀ ń wọ̀) ti Google ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń ṣe é, torí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣeé lò lórí fóònù. Mẹ́rin nínú márùn-ún la fún un. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín in ló jẹ ọ̀kan tó kù.

Orí fọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àti ọ̀nà kan ṣoṣo láti fi kàn sí èèyàn nìkan ni kó jẹ́ dandan. NIN kò ní iṣẹ́ kankan nínú ẹgbẹ́ fọ́tò. Láti kí èèyàn kú ọjọ́ìbí, ọjọ́ àti oṣù ti tó, ẹ yọ ọdún kúrò. Dípò àdírẹ́sì, ẹ béèrè àdúgbò: Gwarinpa, Lugbe, Nyanya, ó parí.

Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ fi òmíràn tẹ̀ lé e: “Ṣé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rí èyí?” Ẹ má ṣe é ní ìbéèrè kan fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tó gbà kí wọ́n rí ímeèlì òun lè má gbà fún nọ́ńbà, pàápàá àwọn obìnrin tí ìpè òru ti sú. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ ọ́ kedere pé bí èèyàn bá dákẹ́, kò túmọ̀ sí pé ó gbà. Ẹni tó gbà lónìí sì lè kọ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn jẹ́ “Yes” àti “No”. “Bẹ́ẹ̀ ni” tí wọ́n fi àmì sí lórí kọ̀ǹpútà kan lè má bá ti fóònù mìíràn mu lójú Sheets, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ló rí lójú wa, fọ́múlà ò sì ní rí nǹkan kan mú.

Nínú Settings, ẹ wo “View results summary”. Bí ẹ bá tàn án, ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù tán lè rí ohun táwọn tó ṣáájú rẹ̀ kọ. Ẹ pa á. “Allow response editing” ni kẹ́ ẹ tàn, kí èèyàn lè yí ìpinnu rẹ̀ padà fúnra rẹ̀.

Sheets gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Akọ̀wé á tẹ “Hide column” sórí nọ́ńbà, á fi líǹkì ránṣẹ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Kò tíì pa nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá tẹ File, tó tẹ Make a copy, ti ní fáìlì tirẹ̀, á sì ṣí ohun tẹ́ ẹ bò. Ẹ ṣe fáìlì méjì. Èkíní, tí ìdáhùn fọ́ọ̀mù ń wọ̀, akọ̀wé àti ẹnì kan péré tó lè dípò rẹ̀ ni kó máa rí i. Ẹ ṣí tab mìíràn nínú rẹ̀, ẹ pè é ní Public. Bí nọ́ńbà bá wà ní column C, tí ìyọ̀ǹda rẹ̀ wà ní D, ohun tẹ́ ẹ máa kọ sínú Public rèé ('Form Responses 1' ni orúkọ tab tí ìdáhùn ń wọ̀):

=ARRAYFORMULA(IF('Form Responses 1'!D:D="Yes",'Form Responses 1'!C:C,""))

Nọ́ńbà ẹni tó kọ̀ á di òfo. Column kọ̀ọ̀kan ló ní fọ́múlà tirẹ̀. Nínú fáìlì kejì, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa rí, ẹ kọ fọ́múlà tó ń fa Public wá síbẹ̀: =IMPORTRANGE("líǹkì fáìlì èkíní","Public!A:D"). #REF!, àmì àṣìṣe, ló máa kọ́kọ́ yọ. Ẹ tẹ Allow access.

Ẹ fara balẹ̀ níbí o. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ Editor (ẹni tó lè yí nǹkan padà) nínú fáìlì kejì lè kọ IMPORTRANGE tirẹ̀, kó sì fa ohun tó wù ú jáde nínú fáìlì èkíní. Nítorí náà, Viewer (ẹni tó kàn lè wò ó) ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, títí kan alága. Ní Share, “Restricted” ni kó wà, kẹ́ ẹ fi ímeèlì wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. “Anyone with the link” kò yàtọ̀ sí kéèyàn lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, torí líǹkì kì í pẹ́ dé WhatsApp. Ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ yọ ímeèlì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí ni Sheets fi dáa ju PDF lọ, tí kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì, ẹ má kọ wọ́n sínú ìwé tí àdúgbò wà rárá. Ẹ ṣe ojú ìwé ọ̀tọ̀ fún yíyá: “lẹ́ǹsì 70-200mm, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé”, láìsí orúkọ. Akọ̀wé á wá pe olóhun: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ń wá lẹ́ǹsì yín fún Sátidé. Ṣé kí n fún un ní nọ́ńbà yín?” Bákan náà ni fún àwọn tó sọ pé “No”. Ó ń gba àkókò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ: kò lè dá screenshot dúró, àwọn àgbà tí kì í ṣí ímeèlì kì í gbádùn rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ sì pa rẹ́ ṣì wà nínú Version history (àkọsílẹ̀ bí fáìlì ṣe rí tẹ́lẹ̀), níbi tí Editor ti lè rí i.

Bí fáìlì èkíní bá jò, ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ẹni tó ní àyè sí i. Lọ́jọ́ náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, kí wọ́n má fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tọrọ láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ewu bá wà níbẹ̀ fún àwọn tó ni orúkọ, wákàtí 72 ni òfin fún yín láti sọ fún Nigeria Data Protection Commission, Àbújá níbí náà sì ni oríkò wọn wà.