Àpò iṣẹ́ ọwọ́ pépà ẹranko ilẹ̀ òtútù: àwòṣe rẹ̀ dára, ẹ pààrọ̀ ìyókù

Àwòṣe inú àpò yìí, ìyẹn àwòrán ẹranko tí wọ́n ya ìlà gígé àti kíká sí, nìkan ló tó owó tí wọ́n ń tà á. Pépà àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n kó sí i kò tó nǹkan, pàápàá fún ẹni tó máa lò ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ọyẹ́. Àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6 la fi í kọ́.

Ẹranko mẹ́rin ló wà níbẹ̀: pẹ́ńgúìnì, béárì funfun, òwìwí funfun àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun. Wọ́n fi pépà aláwọ̀, gọ́ọ̀mù onígi (glue stick) kan, sísọ́ọ̀sì ọmọdé kan àti ojú oníke sí i. Ìlà gbọọrọ ni ibi tí wọ́n máa gé, ìlà onítótó ni ibi tí wọ́n máa ká. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà máa rí i tẹ̀ lé, ohun tó wù wá jù nìyẹn.

Pẹ́ńgúìnì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ ká pépà dúdú róbótó kó dúró, ṣùgbọ́n pépà náà fẹ́lẹ́ jù, ṣe ló máa wó. Páálí inú tíṣù ni kí ẹ fi ṣe ara rẹ̀. Páálí ọ̀hún ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, torí náà ẹ gé pépà dúdú ní 10 sí 15, kí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 lè gun ara wọn níbi tí ẹ máa lẹ̀. Ẹ gé pépà funfun bí ẹyin fún ikùn, kó fẹ̀ ní 4, kó gùn ní 7. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lẹ ikùn àti ojú mọ́ pépà dúdú nígbà tó ṣì tẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ tó wé e mọ́ páálí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wé e, ìka ọmọ tó ń tẹ ojú mọ́ ọn máa tẹ páálí náà pẹlẹbẹ.

Ẹnu ló máa ń dà wọ́n láàmú jù. Ẹ gé pépà aláwọ̀ ọsàn sí igun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2, ẹ ká a láti igun dé igun, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ìdajì kan ṣoṣo. Ọmọ tó bá fi sí ìdajì méjèèjì, ẹnu pẹ́ńgúìnì rẹ̀ máa lẹ̀ pẹ́pẹ́, kò ní yọ síta. Apá náà rí bẹ́ẹ̀: òkè rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n lẹ̀. Ẹ fi ẹyin pépà kékeré lé ẹsẹ̀ rẹ̀, àwòṣe gbàgbé ìyẹn. Akọ pẹ́ńgúìnì ńlá ti Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní gúúsù ayé, máa ń gbé ẹyin sórí ẹsẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì láìjẹun. Bí àwọn ọmọ bá ti gbọ́ èyí, wọn kì í gbàgbé ẹ̀.

Gọ́ọ̀mù onígi máa ń gbẹ kánkán nínú ọyẹ́ bí ọmọ bá ṣí i sílẹ̀, tí etí pépà á sì máa ṣí padà. Gọ́ọ̀mù funfun olómi sàn jù, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀, pépà á ká kò: ojú tó mu omi máa wú, bó bá gbẹ ó máa sún kì. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìdérí ìgò mínírà, ọmọ kan ìdérí kan, kí wọ́n máa fi ìka kan tọ́ ọ. Sítáàṣì náà dára: ṣíbí 1, omi tútù ṣíbí 2, ẹ pò ó, kí ẹ wá máa da omi tó ń hó sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí á fi máa dán. Ẹ má ṣe é pọ̀, kì í pẹ́ kan.

Béárì rọrùn: àwo pépà àti òwú. Kí wọ́n kọ́kọ́ fa òwú náà fẹ́lẹ́, torí èyí tó bá ṣù máa já bọ́. Ẹ kó o sínú ọ̀rá lálẹ́, eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kó funfun pẹ́. Imú rẹ̀ dúdú, awọ ara rẹ̀ lábẹ́ irun náà dúdú. Ohun tó bí wa nínú ni pé ẹ̀yìn àpò náà ya béárì àti pẹ́ńgúìnì sórí yìnyín kan náà. Àríwá ayé ni béárì ń gbé, gúúsù ni pẹ́ńgúìnì wà, wọn kì í pàdé. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò ní wàhálà. Ní ti òwìwí, àwọn òbí kan kò fẹ́ kí ọmọ gbé e wálé. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó ṣe é.

Sísọ́ọ̀sì náà kò gbé ọlọ́wọ́ òsì, pépà á kàn ká sí i lẹ́nu ni. Kí ọmọ ọdún 3 fi ọwọ́ ya tiẹ̀. Ẹ má gbé ojú oníke sún mọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ó lè gbé e mì. Báírò dúdú tó láti ya ojú.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ gbé àwòṣe náà lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà líle onígíráàmù 160. Èyí tó bá nípọn ju ìyẹn lọ lè há sínú ẹ̀rọ.