Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin inú National Elk Refuge: ó tó owó rẹ̀, tí ẹ bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ rí

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ orí yìnyín tí wọ́n ń tà ní ìlú Jackson, ní Wyoming, kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì ìṣíkiri elk. Elk tó ti dé ibi tó ń lọ ni ẹṣin á fà yín lọ wò. Ẹni tó bá mọ èyí kó tó sanwó á gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á máa bi awakọ̀ léèrè pé ìgbà wo gan-an ni wọ́n máa gbéra.

Ìbátan àgbọ̀nrín ni elk, àmọ́ akọ rẹ̀ máa ń wúwo tó 320 kg, abo sì tó 225 kg. Orí òkè ni wọ́n ti ń jẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí lọ dé gúúsù ọgbà ìjọba Yellowstone. Tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í bo koríko lókè, láti oṣù Kẹwàá wọ oṣù Kejìlá, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí National Elk Refuge, ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́bàá ìlú Jackson ní 1912. Nǹkan bí éékà 24,700 ni. Oṣù Kẹrin sí Karùn-ún ni wọ́n ń padà gòkè.

Àárín oṣù Kejìlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́, ìrìn kan sì tó wákàtí kan. Ohun tí owó yín ń rà ni ìsúnmọ́. Ẹṣin àti ọkọ̀ ti mọ́ àwọn ẹran yìí lójú, nítorí náà wọn kì í sá. Èèyàn tó bá fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Láti ojú títì ńlá, lẹ́yìn ọgbà wáyà tó ga ju èèyàn lọ, ọ̀fẹ́ ni wíwò, àmọ́ àmì bíi èérún burẹ́dì lórí aṣọ funfun lẹ máa rí.

Ìparí oṣù Kìíní sí oṣù Kejì ni mo fara mọ́ jù. Ẹni tó bá tètè lọ ní oṣù Kejìlá lè bá díẹ̀ níbẹ̀, pàápàá tí yìnyín òkè kò bá tíì jìn. Tó bá sì di oṣù Kẹta, ìwo á ti máa já, àwọn àgbà akọ ló sì ń kọ́kọ́ já tiwọn. Ẹ ò ní fẹ́ sanwó wá wo akọ tí orí rẹ̀ dà bíi ti abo.

Àléébù kan wà tí kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe: ọ̀sán ni ọkọ̀ ń lọ, ọ̀sán náà sì ni elk máa ń dùbúlẹ̀ jẹ àpọ̀jẹ. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe bí ẹranko.

Nípa awò awọ̀nàjíjìn, 8x42 ni kí ẹ gbé wọ ọkọ̀, ẹ fi 10x42 sílẹ̀ (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá, 42 ni ìbú gíláàsì iwájú ní mílímítà). Bí ọkọ̀ ṣe ń mì, 10 á máa gbé ìmì náà ga. Ẹ tún pín 42 sí 8: ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú fẹ̀ tó mílímítà 5.25, ti 10x42 kò ju 4.2 lọ. Àpò inú ni kí fóònù wà, nítorí bátìrì máa ń kú kíá nínú òtútù tó lè wọ -15 °C. Ọyẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìrìn gan-an, oṣù Kọkànlá ni kó wá, kó sì gba apá Antelope Flats àti Kelly lọ, nínú ọgbà ìjọba Grand Teton. Òru ni wọ́n sábà ń rìn, nítorí náà ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ tí ojú mọ́ ló ṣe pàtàkì, pàápàá lẹ́yìn ìjì yìnyín ńlá. Ibí ni 10x42 ti wúlò, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà. Ẹ jókòó sínú mọ́tò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀. Ìlẹ̀kùn tó bá ṣí ló ń lé wọn. Òfin ni kí ẹ jìnnà sí wọn tó mítà 23, ti béárì àti ìkookò sì jẹ́ 91. Àwọn ọdẹ tó gba ìwé àṣẹ máa ń wà níbẹ̀ lásìkò yẹn, ẹ wọ aṣọ olómi ọsàn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, 72 km ní wákàtí kan ni òpin eré mọ́tò lójú títì ńlá inú ọgbà náà, àwọn ẹranko tó ń kọjá ló sì fà á.

Nǹkan kan ṣì kù tí ń kò fẹ́ fò dá. Nígbà tí yìnyín bá le jù, àwọn òṣìṣẹ́ Refuge máa ń fún àwọn elk ní koríko alfalfa tí wọ́n tẹ̀ bíi kóró. Ìyẹn ló ń kó wọn jọ gìdìgìdì fún yín láti wò, àmọ́ ìkójọ yẹn náà ló ń jẹ́ kí àrùn ràn. Ní 2020 wọ́n rí chronic wasting disease, àrùn tó ń mú ẹran ìdílé àgbọ̀nrín rù títí tó fi kú, lára ọ̀kan nínú agbo yìí, àríyànjiyàn lórí oúnjẹ náà kò sì tíì parí.

Mo fún ìrìn ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin náà ní 4 nínú 5. Tí ẹ bá ń padà wọ ilé tó gbóná, inú àpò ni kí ẹ ti pa awò mọ́ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, kí ìkùukùu má bàa bo gíláàsì rẹ̀.