Iṣẹ́ Abẹ Kílọ́ìdì Etí: Ẹ Má Sanwó Ọ̀bẹ Nìkan

Tí wọ́n bá gé kílọ́ìdì, ìyẹn àpá líle tó ń wú kọjá ojú ọgbẹ́, kúrò létí, tí wọ́n rán ojú ẹ̀, tí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Ìwé ìṣègùn sọ pé bó bá jẹ́ gígé nìkan ni, ó máa ń tún hù lára èèyàn 45 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ yìí tó owó ẹ̀ dáadáa bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú àpá àti yẹtí ìfúnmọ́, ìyẹn yẹtí tó ń tẹ àpá mọ́lẹ̀, bá wà nínú ohun tẹ́ ẹ sanwó fún. Bí kò bá sí, ẹ fi owó yín sápò.

Kì í ṣe gbogbo àpá tó ga ni kílọ́ìdì. Èyí tí kò kúrò lójú ọgbẹ́ sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ láàárín ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kílọ́ìdì a máa kọjá ààlà ọgbẹ́, a máa yún, a máa ta, ihò yẹtí lásán á sì wú tó ọmọ àgbálùmọ̀. Ti etí ló ń gbọ́ ìtọ́jú jù. Ti àyà àti èjìká le gan-an, torí gbogbo ìgbà ni awọ ibẹ̀ ń fà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn án nítorí ẹwà nìkan, ẹ má gbà.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an kì í le. Abẹ́rẹ́ lidocaine ni wọ́n fi ń mú etí kú, ojú aláìsàn á sì là sílẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í gé awọ rere sọnù mọ́ kílọ́ìdì. Á là á, á bó awọ tó dáa kúrò lára kókó líle tó wà nínú, á yọ kókó náà tán, á wá fi awọ yẹn bo ojú ọgbẹ́ kó má baà fà. Bí kílọ́ìdì bá yọ síwájú tó yọ sẹ́yìn, dókítà gbọ́dọ̀ yọ èyí tó so méjèèjì pọ̀ nínú ihò yẹtí náà.

Iṣẹ́ ńlá wà lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n á máa gún triamcinolone, oògùn sitẹrọ́ìdì tó ń mú àpá rọlẹ̀, 10 sí 40 miligíráàmù nínú mìlílítà kan, ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 síra wọn, fún oṣù mélòó kan. Ó máa ń dunni. Inú àpá gan-an ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọ̀: bó bá bọ́ sínú ọ̀rá abẹ́ awọ, ibẹ̀ á jin kòtò, bó bá sún mọ́ òkè jù, àwọ̀ ibẹ̀ á ṣí. Àwọ̀ náà sábà máa ń padà lẹ́yìn oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Oògùn yìí tún máa ń fa ìjiná ọgbẹ́ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì yára tú òwú, ojú ọgbẹ́ lè là.

Yẹtí ìfúnmọ́ làwọn èèyàn ń pa tì jù, ó sì dùn wá, torí òun ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ike pẹlẹbẹ méjì ni, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ lò ó ní wákàtí 12 ó kéré tán lójúmọ́, fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó fún, kó má ta. Bó bá há jù, á dá egbò sílẹ̀. Ẹni tó bá ń lo silikóònì alẹ̀mọ́, ìyẹn rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpá, gbọ́dọ̀ dúró kí ọgbẹ́ jiná ná, kó máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kó sì ṣí i kúrò bí òógùn bá mú ooru sọ lábẹ́ ẹ̀.

Èyí tó bá ti padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lè nílò ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy), tí wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn gígé. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ gbà á.

Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ tó ń tún ara ṣe wà ní ilé ìwòsàn Igbobi l'Ékòó àti ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ bi wọ́n ní iye abẹ́rẹ́ tó wà nínú owó, ta ni yóò gún un, àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tún rí yín. Tó bá sì ti jiná, ẹ má ṣe tún etí yẹn lu. Yẹtí oníkílíìpù tí kò nílò ihò wà lọ́jà.