Ọjọ́ kan ní Amritsar: ìlú dára, mọ́tò tó gbé wa ni kò sunwọ̀n

Kí n tó dé orí tẹ́ńpìlì àti ọgbà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ṣọ́ọ̀bù, torí ṣọ́ọ̀bù yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Punjab, ìpínlẹ̀ tí Amritsar wà ní ilẹ̀ Íńdíà, ló bá wa háyà mọ́tò àti awakọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tó ń gbé àlejò káàkiri. Àdéhùn wa wà lórí WhatsApp mi títí di báyìí: ọgbà Jallianwala Bagh, Tẹ́ńpìlì Oníwúrà ti àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, tẹ́ńpìlì Durgiana ti àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ká wá fi ọgbà Ram Bagh kádìí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀. Bí a ṣe kúrò ní ibùdókọ̀ rélùwéè báyìí ni awakọ̀ ní òun fẹ́ yà síbì kan, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. "Mata ji", ìyẹn ìyá, ló ń pè mí, ó ń tẹrí ba bí ọmọ ilé ire, ọkàn mi sì balẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló kó wa gùn. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n gbé tíì wá, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú sáàlì sílẹ̀ níwájú mi, ọ̀kan lórí èkejì, títí a kò fi rí kápẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó ní pashmina gidi láti Kashmir ni, èyí tí wọ́n fi irun ewúrẹ́ hun. Ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó fa sáàlì kan gba inú rẹ̀ kọjá, ó wá ń wò mí lójú bóyá màá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìtòkú ni mo ti ń ta aṣọ! Aṣọ ọ̀rá tó bá ti fẹ́lẹ́ á gba inú òrùka kọjá, kò fi hàn pé ojúlówó ni. Mo fa fọ́nrán kan yọ létí wájawàja rẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣáná. Tó bá jẹ́ irun ẹran lóòótọ́, òórùn irun tó jóná la máa gbọ́, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lábẹ́ ìka. Tó bá jẹ́ ọ̀rá, ńṣe ni yóò yọ́, tí yóò ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kì í ṣáná nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ká lọ ṣá a níta. Ó ní ọ̀gá òun ò sí nílé. Mo ní ọ̀gá ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ dáná sun, fọ́nrán òwú ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fà mí láṣọ: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Awakọ̀ wa jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó ń mu tíì tiẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Mo pe iléeṣẹ́ náà lójú gbogbo wọn. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní gbogbo àlejò àwọn ló ń dé ibi iṣẹ́ ọnà, pé ó wà nínú owó tí a san. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lórí fóònù, ó kọ, ó kọ, ìlà já. Ẹni tó gbé e nígbà tí mo tún pè ní òun ò mọ̀ sí i, kí n fi ímeèlì ránṣẹ́. Mo fi í ránṣẹ́. Èsì tí wọ́n fún mi ni ẹ̀dínwó lórí ìrìn-àjò tó kàn tí mo bá bá wọn lọ. Ta ló fẹ́ bá wọn lọ?

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí a dé ìtòsí Jallianwala Bagh. Ẹsẹ̀ la fi rìn wọ̀ ọ́, torí wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò wọ òpópónà tó lọ sí tẹ́ńpìlì, ìyẹn sì dára. A kì í sanwó wọlé.

Ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń gbà wọ inú ọgbà náà gan-an ni mo fẹ́ rí. Ọ̀nà yẹn ló há débi pé mọ́tò ogun tí Dyer, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, gbé wá kò lè wọlé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1919. Ọjọ́ Vaisakhi, ọdún ìkórè àwọn ará Punjab, ni. Àwọn kan wá fi ẹ̀hónú hàn lórí àwọn aṣáájú wọn tí ìjọba mú, àwọn mìíràn kàn wá sinmi lẹ́yìn ọdún ni. Dyer kó ṣọ́jà wọlé, kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n yìnbọn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọta 1,650. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní èèyàn 379 ló kú. Ìwádìí tí Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ọmọ Íńdíà, ṣe ní wọ́n tó 1,000. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, wọ́n ti ròyìn ìbọn tí ṣọ́jà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìn pa àwọn èèyàn wa ní Ìjẹmọ̀ lọ́dún 1914 fún wa nílé, nítorí náà ẹnìkan ò ní láti ṣàlàyé irú ìjọba bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ṣe sí ọ̀nà yẹn? Nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2021, wọ́n fi ère àwọn èèyàn tó ń rìn lọ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bo ògiri ọ̀tún àti tòsì. Àwọn onítàn pariwo nígbà náà, ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Ọ̀nà tó yẹ kí àyà èèyàn máa já níbẹ̀ ti di ibi tí àwọn ọmọdé ń fọwọ́ pa imú ère. Kànga tí àwọn èèyàn bẹ́ sí nígbà tí ìbọn ń dún náà ti wọ inú gíláàsì. Ògiri tí ọta lù nìkan ni wọn ò bà jẹ́: wọ́n fi ọ̀dà funfun yí ojú ọta kọ̀ọ̀kan ká, ó sì tó. Ojú kan wà níbẹ̀ tó ga tó èjìká mi. Nínú ọkàn mi ni mo ti ti ìka bọ̀ ọ́, n ò fọwọ́ kàn án.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn tí ìdílé kan fi yí mi ká, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ, wọ́n ti na fóònù sókè. Ẹ̀yin tí ẹ bá dúdú bíi tèmi, ẹ múra sílẹ̀, gbogbo ìlú ló fẹ́ bá yín ya fọ́tò. Ní ọjà, kò sí wàhálà. Níwájú ògiri yìí, mo kọ̀. Mo nawọ́ sí ojú ọta, mo mi orí. Ó yé bàbá náà kíá. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ fún mi, ó sì fa àwọn ọmọ ẹ̀ sún mọ́ ògiri, ó ń fi hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Níta la ti padà ya fọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Udham Singh, ẹni tó yìnbọn pa O'Dwyer ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1940. O'Dwyer ló ń ṣàkóso Punjab nígbà tí Dyer pa àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, ó sì gbè é lẹ́yìn. Wọ́n yẹgi fún Udham Singh lọ́dún yẹn kan náà.

Inú ṣì ń bí mi nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú bàtà ní Tẹ́ńpìlì Oníwúrà. Bàbá kan tó dàgbà ju bàbá mi lọ ló na ọwọ́ méjèèjì gba bàtà mi. Irùngbọ̀n ẹ̀ funfun báláú, aago ọwọ́ ẹ̀ kì í ṣe aago tálákà. Ó mú àkísà, ó nu eruku bàtà náà lókè, ó yí i padà, ó nu ìsàlẹ̀ ẹ̀. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Bàbá náà fò dìde, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń dá mi dìde. A wà níbẹ̀ tí a ń bẹ ara wa, àwọn tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ fún un lówó, kò gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Oníṣòwò ni, ó kàn máa ń wá nu bàtà.

Wọn kì í wọlé láìborí. Ẹ̀ṣọ́ tó mú ọ̀kọ̀ dání wo gèlè mi, ó mi orí, ó yọ̀ǹda. Fìlà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ní kó ṣí, wọ́n wé aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú mọ́ ọn lórí. A gba inú omi fọ ẹsẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tẹ́ńpìlì náà sì wà láàárín adágún níwájú wa. Ẹ ti rí fọ́tò ẹ̀, n ò ní sọ púpọ̀. Ìlà tó lọ sínú ẹ̀ gùn ju ohun tó yẹ lọ, mábù ń jó ẹsẹ̀, ẹnìkan sì ń tẹ̀ mí ní gìgísẹ̀ títí a fi dé inú.

Ilé oúnjẹ wọn, langar, lẹ gbọ́dọ̀ dé. Ọ̀fẹ́ ni, fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀sìn yòówù kẹ́ ẹ ṣe. Èèyàn 50,000 sí 100,000 ni wọ́n ń bọ́ lójúmọ́. Ilẹ̀ lolówó àti tálákà ń jókòó sí. Wọ́n bu ọbẹ̀ ẹ̀wà dal fún wa, wọ́n bu ìrẹsì onímílíìkì, ẹni tó ń pín búrẹ́dì pẹlẹbẹ wá dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ kan. Ẹni náà dúró, kò sọ̀rọ̀, títí ó fi na méjèèjì. Ìyá ẹ̀ á gbọ́ ọ.

Nígbà tí a gbé àwo lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ta ni mo rí? Awakọ̀ wa. Ó ká apá aṣọ sókè, ó ń fọ àwo láàárín ariwo irin. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo bá a fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní kí n má bínú sí òun, pé tí òun ò bá gbé àlejò dé ṣọ́ọ̀bù yẹn, iléeṣẹ́ ò ní pe òun fún iṣẹ́ mọ́. Mo ní kò yẹ kó pa ilẹ̀kùn dé. Ó ní òun gbà.

Durgiana, a kàn kọjá níbẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn onífàdákà ẹ̀ dára. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Ram Bagh, ọgbà tí Maharaja Ranjit Singh, ọba Punjab nígbà kan, ṣe, tó kọ́ ààfin ẹ̀ ti ìgbà ooru sí. Ààfin ti tì. Àwọn bàbá àgbàlagbà ń rìn yíká, wọ́n ń jiyàn. Ibẹ̀ ni wákàtí tí ṣọ́ọ̀bù jẹ ti dùn mí jù, torí ọgbà yẹn tutù, igi ẹ̀ dàgbà, ibi ìjókòó sì pọ̀.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀: ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún, torí awakọ̀ nìkan. Ẹ má háyà mọ́tò wọn o. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà láti ibùdókọ̀ rélùwéè lọ sí Tẹ́ńpìlì Oníwúrà, Jallianwala Bagh ò jìnnà síbẹ̀ rárá, kẹ̀kẹ́ Màrúwà á sì gbé yín dé Ram Bagh kí wọ́n tó ti ààfin.