Ekòló àbí Àgbàdo Agolo: Èwo Ni Ká Fi Sẹ́nu Ìwọ̀?

Fún ẹni tó ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja létí adágún ní Amẹ́ríkà, ìjẹ méjì wà tí kò wọ́n: ekòló àti àgbàdo inú agolo.

Ọ̀pọ̀ ẹja ló ń jẹ ekòló: bluegill (ẹja kékeré inú adágún) ń jẹ ẹ́, bass (ẹja tó ń lé ẹja mìíràn jẹ) ń gbé e mì, carp (ẹja kan tó lè tóbi gan-an) pàápàá kì í kọ̀ ọ́. Bluegill yìí gan-an ni wàhálà. Ẹnu rẹ̀ kéré, á máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń léfòó lára okùn ìwọ̀ á máa jó lójú omi. Kí o tó fà á sókè, ìwọ̀ lásán ló kù. Ìwọ̀ kékeré ni kó o lò, nọ́ńbà 8 tàbí 10, kó o sì gé ekòló náà sí wẹ́wẹ́.

Carp ló ni àgbàdo. Ìsàlẹ̀ omi ló ti ń wá oúnjẹ, ńṣe ló ń fà á sẹ́nu. Bass ò ka àgbàdo sí, ohun tó ń rìn ló ń lé. Fi hóró méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ìwọ̀, jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀, kó o jókòó. Àmọ́ di ọ̀pá rẹ mú o! Carp ńlá lè wọ́ ọ̀pá náà wọnú omi.

Tí àwọn ọmọdé bá tẹ̀ lé mi, ekòló ni mò ń gbé. Wọn ò ní sùúrù àgbàdo.