Kíkun fáànù imú bàálù kékeré kó lè jọ igi: ọ̀dà olóròóró, ọ̀dà olómi, àbí sítíkà?

Ẹni tó bá ń to bàálù kékeré oníke tó jọ ti Ogun Àgbáyé Kìíní mọ̀ pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pọ̀ fáànù imú bàálù gidi nígbà náà, ike lásán ló sì ń bá nínú páálí. Ohun mẹ́ta ni mo ti fowó ara mi rà láti fi sọ ike yẹn di igi: ọ̀dà olóròóró inú túùbù táwọn ayàwòrán ń lò, ọ̀dà olómi pẹ̀lú pẹ́ńsù aláwọ̀, àti sítíkà onílà igi tí a ń rẹ sómi kí a tó lẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà lára páálí, ẹ kà á fúnra yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ara yín léèrè ohun kan: bí ọwọ́ bá ṣì, ṣé ó ṣeé tún ṣe? Ibẹ̀ lowó mi gbà lọ.

Fáànù lọ́. Ó nípọn láàárín, ó ń tẹ́ bó ṣe ń lọ sétí, gbogbo rẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀. Ibi tó tẹ́jú ni sítíkà fẹ́. Bí ẹ bá fi bo ibi tó lọ́, á hunjọ bí awọ ẹ̀yìn ọwọ́ arúgbó. Oògùn tó ń mú un rọ̀ wà, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi wébíìlì ránṣẹ́ sí mi láti Èkó dé Adó láìséwu. Bó ṣe kan omi báyìí, ó fọ́ yángá. Ẹni tó tà á lóun kì í gba ọjà padà. Sítíkà tó bá ti pẹ́ lórí igbá, ẹ fi fánìṣì tí kò láwọ̀ pa á lójú ná, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó gé e. Ẹnikẹ́ni ò kọ ìyẹn sára bébà tí mo rà.

Ọ̀dà olómi ò burú tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ sórí búrọ́ọ̀ṣì. Ìlà tó bá wọ́ níbẹ̀ ti wọ́ nìyẹn, àfi kí ẹ tún kun òmíràn lé e, bí ọ̀dà bá sì ti ń nípọn, etí fáànù a di kùńdù.

Ti olóròóró ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹ fi ọ̀dà olómi aláwọ̀ igi funfun kun ìsàlẹ̀, kó gbẹ pátápátá. Ẹ tọ́ Burnt Umber, ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ búráùn tó ṣú, díẹ̀ sí i, kí ẹ wá mú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tí irun rẹ̀ le, ẹ fà á láti àárín dé etí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró. Irun búrọ́ọ̀ṣì náà ló ń fa ìlà, tínrín-tínrín, kò sí méjì tó dọ́gba. Kò wù yín? Ẹ fi àkísà tó ní tapẹ́ńtáìnì nù ún, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ra tínà àwọn tó ń kun mọ́tò o, ike ló máa jẹ.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò tètè gbẹ. Kì í gbẹ bí omi. Afẹ́fẹ́ ni òróró inú rẹ̀ ń fà kó tó le, ìyẹn sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi abọ́ dé e, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń wọlé gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Burnt Umber máa ń yá ju ọ̀pọ̀ àwọ̀ lọ nítorí mánganíìsì inú rẹ̀. Bí ẹ bá sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí kí páálí fa òróró rẹ̀ mu, á tún yá sí i.

Ti owó: sítíkà ló wọ́n jù, túùbù kan sì ń pẹ́ nílé. Ti òórùn: ẹ ṣí fèrèsé.

Ti ìrísí ńkọ́? Ẹ lọ sí sọ́míìlì, ẹ sún sẹ́yìn kúrò nídìí pákó ọ̀gánwó. Láìpẹ́ ẹ ò ní rí ìlà mọ́, àwọ̀ nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí ìlà gbàgìdì ara àwọn sítíkà kan fi ń tú àṣírí bàálù kékeré. Àwọn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀ ló yẹ kó hàn: pákó tó nípọn tó 2 cm á di nǹkan bíi 0.4 mm ní ìwọ̀n 1/48, ìyẹn bàálù tí a dín kù sí ìdá kan nínú 48. Fún fáànù Jámánì tó ní igi dúdú àti funfun, ọ̀dà olómi àti téèpù tí a gé tín-ín-rín dára fún ìsàlẹ̀, kí olóròóró wá bò ó.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o. Sítíkà wúlò fún ara Albatros (bàálù Jámánì ìgbà ogun yẹn), tó jẹ́ pílíwúùdù tó gbòòrò. Ẹni tó fẹ́ parí bàálù 1/72 lálẹ́ òní, kó lo olómi. Ẹni yòókù, túùbù. Bí owó bá mọ níwọ̀n, Burnt Umber ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Burnt Sienna lè dúró dìgbà tí ẹ bá kan fáànù tó pọ́n bí ọ̀gánwó.