Ẹ̀rọ Ìtúlẹ̀ Alágbára Ẹṣin 7, àti Ẹjọ́ Táyà Rẹ̀

Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tí ó ń lo pẹtiróòlù, tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti ẹṣin 7, tí eyín ìtúlẹ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn táyà méjèèjì. Ọgbà ewébẹ̀ ni mo ń lò ó fún ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, níbi tí katakata ńlá kò ti lè ráyè yí po. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní ẹjọ́ kankan. Táyà ni ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì yóò máa ké kíkankíkan nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dúró gbagidi lójú kan.

Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí mẹkáníìkì tí kò mọ ẹ̀rọ náà dáadáa yóò kọ́kọ́ sọ ni pé gíábọ́ọ̀sì, ìyẹn àpótí tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà, ti bàjẹ́, owó àtúnṣe rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ má tètè gbà fún un. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀rọ yìí ni pé bẹ́líìtì méjì ni ó ní, ọ̀kan fún lílọ síwájú, èkejì fún pípadà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ gíábọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń yí. Bí ó bá kọ̀ láti lọ síwájú, ṣùgbọ́n tí ó ń padà sẹ́yìn wọ́ọ́rọ́wọ́, a jẹ́ pé ara gíábọ́ọ̀sì le. Bẹ́líìtì iwájú, tàbí wáyà tí ń fà á le, ni kí ẹ lọ wò.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, nítorí pé eyín ìtúlẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá ṣeré. Píìnì ẹsẹ̀ táyà ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ààyè méjì ni píìnì yìí lè wà: ní ààyè kan, ó de táyà mọ́ ṣáàfù (irin tí ń yí táyà), ní èkejì, ó fi táyà sílẹ̀ kí ó máa yí fúnra rẹ̀, kí ènìyàn lè fọwọ́ ti ẹ̀rọ náà láti ilé dé oko. Ààyè kejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé rẹ̀ sí. Bí píìnì ẹ̀gbẹ́ kan bá sì gé, ẹ̀rọ náà yóò máa ya sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá. Àròyé mi níbí ni pé píìnì tí ó bá ẹ̀rọ wá rọ̀ jù, ó ń tẹ̀ bí ilẹ̀ bá le. Bóòtì tí ó ṣe déédéé pẹ̀lú ihò ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, nítorí pé èyí tí ó bá tínrín yóò máa mì, yóò sì fẹ ihò náà lójú. Àwọn kan máa ń ní kí wẹ́dà jó táyà pọ̀ mọ́ ṣáàfù. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ táyà ni ojú wọn yóò là.

Bẹ́líìtì ni ó kàn. Bí ó bá ti ń dán, tí ó ti sán, tàbí tí ọ́ìlì ti kán sí i lára, yóò máa yọ̀ lórí pọ́ọ̀lì, ìyẹn àgbá kékeré tí bẹ́líìtì ń yí. Bí ó bá kàn dẹ̀ ni, ẹ yí nọ́ọ̀tì orí wáyà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fà á le jù, kí ẹ̀rọ má baà máa lọ nígbà tí ẹ ti fọwọ́ sílẹ̀. Bẹ́líìtì wà lọ́jà Aráròmí ní Gate, n'Ìbàdàn. Lẹ́tà tí a kọ sára rẹ̀ ń sọ bí ó ṣe fẹ̀ tó, A jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 13, B jẹ́ 17, nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e sì ń sọ gígùn rẹ̀ ní íǹṣì. Ẹ mú ògbólógbòó dání lọ. Ìdérí bẹ́líìtì yìí ṣòroó ṣí gan-an, ìwé ìlò rẹ̀ kò sì ṣàlàyé nǹkan kan.

Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá kọ̀, tí pọ́ọ̀lì gíábọ́ọ̀sì sì ń yí ṣùgbọ́n tí ṣáàfù táyà kò mira, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan inú rẹ̀.

Mo gba olóko ewébẹ̀ níyànjú láti rà á, kì í ṣe ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kún fún kùkùté. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí ó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó sì fi sí iwájú àti ẹ̀yìn lójú yín.